Ọjọ́ Tí Ẹsẹ̀ Òsì Dákẹ́

Aago 4:10 ìdájí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹta, 2019. Nínú yàrá kan ní Ajégúnlẹ̀, nítòsí Boundary, ọkùnrin kan lajú. Kì í ṣe ìrora ló jí i. Láti bí oṣù méje ni ìrora ti máa ń jí i: á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, á gba ìdí òsì, á gba ẹ̀yìn itan sọ̀kalẹ̀, á sì dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sójú kan, ó ń retí rẹ̀. Kò dé.

Aago 4:20. Ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún yí sí èkejì. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, bó ṣe ń sọ àpò tó kẹ́yìn kalẹ̀, nǹkan kan dún pà nínú ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń kérora títí oorun fi gbé e lọ. Ní báyìí, kò sí nǹkan kan. Ó jí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ó ti lọ."

Obìnrin náà dìde jókòó nínú òkùnkùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní agbo jẹ̀díjẹ̀dí tí àwọn ń rà ní Boundary ti ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Aago 4:35. Bàbá Ìbejì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Sílípáàsì ẹsẹ̀ òsì bọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kò mọ̀. Ìgbà tó tan iná fóònù sí ilẹ̀ ló rí i pé ẹsẹ̀ kan wọ bàtà, ẹsẹ̀ kejì kò wọ nǹkan kan. Ó padà lọ mú un. Ó wọ ilé ìtọ̀, ó dúró pẹ́. Ìtọ̀ kò wá. Ó gbà pé òógùn ni gbogbo rẹ̀ bá lọ, torí ooru oṣù náà pọ̀.

Aago 5:40. Ó ti kọjá Boundary bọ́ sí Àpápá. Tírélà àti táńkà tò sójú títì ní ìlà méjì, imú ọ̀kan kan ìdí èkejì. Àwọn kan ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ń retí kí àyè ṣí fún wọn ní èbúté. Àwọn mọ́tò-bọ́ì tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n sùn lé e. Ní Warehouse Road, alákàrà ti dáná. Bàbá Ìbejì ra àkàrà àti ẹ̀kọ, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó dìde díẹ̀, ó fọwọ́ tẹ pákó bẹ́ǹṣì náà wò, ó tún jókòó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Pákó náà kò yàtọ̀ sí ti àná.

Ó fa Alábùkún kan yọ nínú àpò ṣòkòtò, ó dà á sẹ́nu, ó fi omi lé e. Kò sí ohun tó ń dùn ún. Ó ti mọ́ ọn lára ni.

Aago 6:30. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí. Àpò ṣúgà ni ẹrù òní, 50 kìlógíráàmù ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye àpò tí alábàárù bá rù ni iye owó tó máa gbà. Láti ìgbà tí ẹ̀yìn ti ń ro Bàbá Ìbejì, tó bá ti ru bíi mẹ́wàá, á lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á na ẹsẹ̀, á di ojú. Lónìí kò jókòó. Ó ru mẹ́wàá, ó ru mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kí i. Fọ́mánì pàápàá rẹ́rìn-ín.

Aago 7:50. Ọ̀dọ́mọkùnrin Ìlàjẹ kan tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn nínú ìlà ń gbọ́ ìró kan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá Ìbejì máa ń balẹ̀, á dákẹ́. Ti òsì máa ń wọ́lẹ̀ kó tó balẹ̀. Ọmọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ náà. Àtàǹpàkò rẹ̀ kọjú sílẹ̀, kò gbéra mọ́.

Aago 8:40. Pátákó ni wọ́n gbé sílẹ̀ láti ilẹ̀ dé ìdí tírélà. Bàbá Ìbejì gùn ún pẹ̀lú àpò lórí. Orí àtàǹpàkò òsì kọ́ etí pátákó. Ó ṣubú. Àpò ya, ṣúgà dà sílẹ̀. Fọ́mánì ké. Bàbá Ìbejì dìde, ó gbọn ara rẹ̀ nù.

"Ẹ má bínú. Kò dùn mí rárá."

Ó rìn lọ síbi tí wọ́n kó ìgbálẹ̀ sí. Ọmọ Ìlàjẹ náà wo ilẹ̀. Nínú ṣúgà funfun náà, ojú ẹsẹ̀ òsì kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀jẹ̀ wà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́sẹ̀ yín o."

Bàbá Ìbejì wolẹ̀. Èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ ti ká kúrò, ó kù díẹ̀ kó já. Ó ń wò ó, kò sọ nǹkan kan.

Aago 9:15. Ṣọ́ọ̀bù olóògùn òyìnbó kan, ìsọ kẹta sí ibi tí wọ́n ti ń fún táyà ní atẹ́gùn. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù mọ̀ ọ́n. Oníbàárà rẹ̀ ni. Ó ti kọ̀ láti ta tramadol 225 fún un rí, èyí tí NAFDAC kò fọwọ́ sí. Ó gbé ẹsẹ̀ náà sórí àpótí, ó da sípírítì sí ojú egbò. Ọmọ Ìlàjẹ ṣẹ́ ojú. Bàbá Ìbejì ń wo títì.

Obìnrin náà dúró. Ó tún da sípírítì díẹ̀ sí i, ó ń wo ojú Bàbá Ìbejì. Ojú náà kò yí padà.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ tọ̀ kẹ́yìn?"

"Lánàá. Kí n tó jẹun alẹ́."

Ó ní kó dìde, kó ká ẹ̀wù sókè. Ó fi ọwọ́ tẹ abẹ́ ìdodo rẹ̀. Ibẹ̀ le, ó sì yọ síta. Ó bi í bóyá ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n. Bàbá Ìbejì ní rárá. Obìnrin náà wẹ ọwọ́, ó mú ìwé kékeré kan, ó kọ ìlà mẹ́ta sí i, ó ká a, ó sì fún ọmọ Ìlàjẹ.

"Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Kì í ṣe ọ̀la. Kì í ṣe tí iṣẹ́ bá parí."

"Ṣebí kò dùn mí mọ́," Bàbá Ìbejì wí.

"Mo ti gbọ́, bàbá. Ohun tó jẹ́ kí n ní kẹ́ ẹ máa lọ nìyẹn."

Aago 10:05. Warehouse Road ti dí pa. Táńkà kan fẹ́ yí padà, ó dábùú títì. Dáńfó tó ti wà lójú kan láti ìdajì wákàtí ti pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n gun ọ̀kadà. Bàbá Ìbejì wà láàárín, ọmọ Ìlàjẹ wà lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ òsì bọ́ kúrò lórí irin tó yẹ kó gbé e lé. Ọlọ́kadà dúró, wọ́n gbé e padà. Ó tún bọ́. Nígbà kẹta, ọmọ Ìlàjẹ tẹ̀ síwájú, ó di orúnkún náà mú, kò sì fi sílẹ̀ mọ́. Ọ̀kadà náà gba àárín tírélà méjì kọjá. Eruku táyà kan ìgbọ̀nwọ́ wọn.

Aago 10:50. Ìjọra. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wọ dáńfó. Kọ́ńdọ́kítọ̀ ní kí Bàbá Ìbejì sún wọlé. Ó ní òun ti sún. Kò tíì sún.

Aago 11:40. Ilé ìwòsàn ìjọba kan. Wọ́n gba káàdì. Ọmọ Ìlàjẹ fún nọ́ọ̀sì ní ìwé kékeré náà. Nọ́ọ̀sì kà á, ó wo Bàbá Ìbejì, ó dìde, ó gbé ìwé náà wọlé lọ fúnra rẹ̀.

Aago 12:10. Iwájú ṣòkòtò Bàbá Ìbejì ti tutù. Ìtọ̀ ń ro tó, tó, sórí àga. Òun nìkan ni kò mọ̀. Ọmọ Ìlàjẹ bọ́ ẹ̀wù òkè rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí itan àgbàlagbà náà láìsọ̀rọ̀.

Aago 12:35. Dókítà ọ̀dọ́ kan fa aṣọ yí bẹ́ẹ̀dì ká. Ó mú òwú àti abẹ́rẹ́.

"Bàbá, ẹ dijú. Tí mo bá fọwọ́ kàn yín, kẹ́ ẹ ní ó kàn."

Ó kan itan ọ̀tún. "Ó kàn." Ó kan orúnkún òsì. "Ó kàn." Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ojúgun, sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀, sí àtẹ́lẹsẹ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ gún àtàǹpàkò. Bàbá Ìbejì dijú, ó ń retí kí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní kó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fi òwú kan ẹ̀yìn itan òkè, ó kan ìdí, ó kan gbogbo ibi tí ènìyàn fi ń jókòó. Yàrá náà dákẹ́. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi ìka kan wo ojú ihò ìdí.

"Ẹ fún un mọ́ra, bàbá. Bí ẹni tó fẹ́ dá ìgbẹ́ dúró."

"Mo ti ń fún un."

Kò sí ohun tó fún ìka náà.

Aago 12:55. Wọ́n ti rọ́bà wọ ojú ara rẹ̀ lọ sínú àpò ìtọ̀. Ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dà, kò sì dáwọ́ dúró. Nọ́ọ̀sì wo ìlà tó wà lára báàgì: ó ti kọjá 1,000 mílílítà. Àpò ìtọ̀ tó bá kún dé ìdajì ìyẹn ti tó láti mú ènìyàn sáré. Bàbá Ìbejì kò mọ̀ pé ó kún, kò sì mọ̀ pé ó ti ṣófo.

"Aago mélòó lẹ kọ́kọ́ rí i pé ẹsẹ̀ yín kò mọ nǹkan?"

Ó ronú. Ó sọ ọ̀rọ̀ sílípáàsì.

"Bí aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí."

Dókítà ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó kọ aago náà sókè ìwé, ó fi bírò yí i po. Ó jáde lọ pe ẹnì kan lórí fóònù.

Aago 2:20 ọ̀sán. Wọ́n ní kí wọ́n ya àwòrán MRI. Owó rẹ̀ ju ohun tí Bàbá Ìbejì ń pa lóṣù kan lọ. Ìyá Ìbejì ti dé. Ó ti lọ bá alájọ rẹ̀, ó ti gba àjọ tí ìgbà rẹ̀ kò tíì tó. Ó tú ìdí ìró, ó ń ka owó sórí bẹ́ǹṣì. Kò pé. Fóònù ọmọ Ìlàjẹ dún: àwọn ará ilé ìkẹ́rùsí ti dá owó, fọ́mánì ló fi í ránṣẹ́. Ó sáré lọ sọ́dọ̀ oníPOS tó wà lẹ́nu géètì.

Aago 4:45. Ẹ̀rọ náà gbé e wọ inú. Ó ń dún gbogan gbogan. Wọ́n ní kó má mira. Ní oṣù méje, kò lè na ẹ̀yìn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lónìí ó nà gbalaja fún bí ìdajì wákàtí, kò sì mira.

Aago 6:15 ìrọ̀lẹ́. Oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn gbé àwòrán náà síwájú iná. Àwọn eegun ẹ̀yìn tò léra wọn, awẹ́ rírọ̀ kọ̀ọ̀kan wà láàárín méjì. Mùdùnmúdùn tó ti ọpọlọ wá parí sí òkè ìbàdí; láti ibẹ̀ lọ, àwọn iṣan ìmọ̀lára so rọ̀ nínú omi, ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́nrán nídìí kan, bí ìrùkẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n rí i nínú àwòrán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Láàárín eegun ìbàdí kẹrin àti ìkarùn-ún, wọn kò rí i mọ́. Awẹ́ tó wà níbẹ̀ ti ya, inú rẹ̀ ti tú jáde, ó ti kún ojú ọ̀nà. Oníṣẹ́ abẹ náà gbé ìka síbẹ̀, ó pa iná.

Aago 6:50. Dókítà akunnilóorun ń béèrè: ẹ̀jẹ̀ ríru? Ìtọ̀ ṣúgà? Òògùn wo lẹ ń lò? Bàbá Ìbejì na ọwọ́ sí ṣòkòtò tó wà lórí àga. Alábùkún mẹ́rin ló ṣẹ́ kù nínú àpò rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Láti ọdún tó kọjá."

Dókítà akunnilóorun gba ọ̀kan, ó yí i padà, ó ń ka ara rẹ̀. Aspirin wà nínú rẹ̀. Aspirin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì bó ṣe yẹ, agbára rẹ̀ sì máa ń wà lára fún bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí tí wọ́n lò kẹ́yìn. Ó wo oníṣẹ́ abẹ. Oníṣẹ́ abẹ mi orí: rárá, a ò lè dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní kí wọ́n wá ẹ̀jẹ̀ páìǹtì méjì. Ọmọ Ìlàjẹ ti ń ká apá ẹ̀wù rẹ̀.

Aago 7:40 alẹ́. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ abẹ wà lórí àyà Bàbá Ìbejì. Kò tíì fọwọ́ sí i.

"Dókítà, ìrora ni mo ní kí ẹ bá mi mú kúrò. Ó ti kúrò. Kí lẹ wá fẹ́ gé?"

Oníṣẹ́ abẹ náà fa àga, ó jókòó, ó sún mọ́ etí rẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta ló sọ. Ìyá Ìbejì di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Bàbá Ìbejì béèrè bírò.

Aago 9:05. Tíátà. Wọ́n ti kùn ún lóorun, wọ́n ti dojú rẹ̀ bolẹ̀, wọ́n ti lẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ kí ojú má bàa gbẹ. Wọ́n fi ẹ̀rọ X-ray ka eegun látìsàlẹ̀. Wọ́n tún kà á. Ẹni tó bá ṣi eegun kan kà, ibi tó sàn ló máa gé.

Aago 9:30. Ọ̀bẹ kan awọ. Ẹ̀jẹ̀ ń sun jáde láti ẹ̀gbẹ́ ẹran ara, kò fẹ́ dì. Wọ́n ń fi iná jó ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi òwú tẹ̀ ẹ́. Àádọ́ta ìṣẹ́jú kọjá kí eegun tó hàn.

Aago 10:20. Oníṣẹ́ abẹ ń fi irin ẹlẹ́nu kékeré gé òrùlé eegun náà kúrò ní wẹ́wẹ́. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni okùn ẹran tó so eegun pọ̀, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ó gé e. Ní ìsàlẹ̀ ìyẹn ni awọ tó bo àwọn iṣan. Ó yẹ kí awọ náà máa lù pẹ̀lú ọkàn. Ó le gbagidi. Kò mira.

Aago 10:47. Ó rọra ti iṣan kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ẹ̀mú wọ abẹ́ rẹ̀, ó di nǹkan mú. Ó fà á. Ohun funfun kan jáde, ó rọ̀, ó gùn tó oríkèé ìka àtàǹpàkò. Òmíràn tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì gbà wọ́n sínú abọ́. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ ojú ihò náà. Awọ náà wú díẹ̀. Ó rọlẹ̀. Ó tún wú.

Ó ti ń lù.

Wákàtí 18 ó lé díẹ̀ ni, láti ìgbà tí sílípáàsì bọ́.

Aago 11:50. Oníṣẹ́ abẹ náà jókòó, ó ń kọ̀wé. Gbólóhùn mẹ́ta tó sọ létí bẹ́ẹ̀dì nìyí: "Bàbá, ìrora yín kò lọ, iṣan tó ń gbé e wá ló ń kú. Iṣan yẹn náà ló ń darí ìtọ̀, ìgbẹ́ àti ìrìn ẹsẹ̀ yín. Tí a ò bá tú u sílẹ̀ lálẹ́ òní, ó lè má padà mọ́ láéláé."

Ẹsẹ̀ tí kì í dunni, tí Bàbá Ìbejì rò pé òun rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìdájí, ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń fi ọ̀bẹ wá láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1912, William Spiller àti Edward Martin ti Philadelphia jábọ̀ bí wọ́n ṣe gé apá kan mùdùnmúdùn ẹ̀yìn, níbi tí ìrora ń gbà lọ sí ọpọlọ, fún aláìsàn tí kókó ń pọ́n lójú. Títí dòní, fún ẹni tí jẹjẹrẹ ti gbé dé ibi tí òògùn kò ti ràn án mọ́, gígé yẹn lè jẹ́ àánú. Ní 1967, Norman Shealy fi wáyà oníná sí ẹ̀yìn mùdùnmúdùn, kí iná kékeré lè dí ìrora lọ́nà. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń bẹ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí tí ẹ̀yìn wọn ń ro lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ọ̀nà kẹta ni William Mixter àti Joseph Barr fi han ayé láti Boston ní 1934: kì í ṣe gbogbo ìrora ló yẹ ní gígé, awẹ́ tó yẹ̀ ló ń tẹ iṣan mọ́lẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro, tí wọ́n bá mú un kúrò, iṣan á mí. Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ ìlú Awẹ́, ló mú irú iṣẹ́ yìí délé ní 1962, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH, Ìbàdàn.

Láti pa ìrora àti láti gba iṣan tó ń ké là kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Ti Bàbá Ìbejì, iṣan ni wọ́n fẹ́ gbà là, àkókò rẹ̀ kò sì pọ̀. Àkójọ ìwádìí kan tó jáde ní 2000 fi hàn pé àwọn tí wọ́n tú iṣan wọn sílẹ̀ láàárín wákàtí 48 ń rí ara gbà padà ju àwọn tó pẹ́ lọ. Wákàtí ni dókítà ọ̀dọ́ náà ń kà lórí ìka ọwọ́ rẹ̀.

Aago 3:05 òru, ọjọ́rú. Bàbá Ìbejì ké. Nọ́ọ̀sì sáré wá.

"Ẹsẹ̀ mi! Ó ń ta mí, ó ń jó mi!"

Wọ́n pe dókítà ọ̀dọ́ náà. Ó gbá aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú abẹ́rẹ́, ó gún ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò òsì. Ẹsẹ̀ náà fà sẹ́yìn. Dókítà tún gún un níbòmíràn. Ó tún fà. Ó fún un ní abẹ́rẹ́ ìrora, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìmọ̀lára ti ń padà.

Rọ́bà ìtọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ní òru yẹn, kò sí ẹni tó lè sọ bóyá àpò ìtọ̀ á tún gbọ́ àṣẹ tàbí kò ní gbọ́. Ó lè gba oṣù, ó lè gba ọdún. Ṣùgbọ́n iṣan kò kú tán.

Láti Boundary dé Warehouse Road, ẹ̀yìn ríro pọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò nílò ọ̀bẹ rárá. Bí àkókò bá ti ń lọ, ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ń kú, tí ibi ìjókòó rẹ̀ kò mọ nǹkan mọ́, tí ìtọ̀ há mọ́ ọn, kò ní ọ̀sẹ̀ kan tó máa fi wo agbo wò, kódà bí ìrora bá ti lọ, pàápàá bí ìrora bá ti lọ. Ọjọ́ kan ló ní, bóyá méjì. Ìbéèrè kan tí obìnrin olóògùn bi í láàárọ̀, nípa ìgbà tó tọ̀ kẹ́yìn, ni kò jẹ́ kí ọjọ́ náà bọ́ mọ́ Bàbá Ìbejì lọ́wọ́.